Térahertz: ọ̀rọ̀ kan tí ó wọ kíláàsì wa ní Agoè-Nyivé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà wa ní Agoè-Nyivé, ìyá kan tí ó ń ta gàrí ní ọjà Assiyéyé tú ìwé pélébé kan jáde láti etí ìró rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Oṣù kẹjọ rẹ̀ nìyí nídìí ẹ̀kọ́. Èdè Yorùbá ni a fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń fi àwọn lẹ́tà tí ó mọ̀ gbìyànjú láti ka Faransé tí ó bá rí lára ògiri àti lára páálí. Ó ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ sí òkè ìwé náà ní ègé-ègé: té, ra, hertz. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà náà ni ó gbé ojú sókè, ó ní: "Olùkọ́, mo ti kà á. Kí ni ó túmọ̀ sí?"

N kò lè dá a lóhùn. Ẹ̀kọ́ nípa èdè ni mo kọ́ ní yunifásítì, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Mo bi í pé níbo ni ó ti rí ìwé náà. Ó ní ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ funfun bí ti dókítà ni ó ń pín in kiri nínú ọjà. Ọkùnrin náà mú ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ tí ó jọ èyí tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun. Bí ó bá tan án, afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìtànṣán térahertz ni ó wà nínú afẹ́fẹ́ náà, pé ó ń wo orúnkún tí ń dunni, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, àti pé ẹni tí ó bá ń lò ó kò nílò hóró oògùn mọ́. Owó ẹ̀rọ náà ju èrè tí ìyá yìí ń rí lórí gàrí fún oṣù mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti gbà pé kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò wá gba ti àkọ́kọ́.

Ìyá yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ojoojúmọ́ ni ó ń lo oògùn tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn, oògùn náà sì ti sú u. Èyí ni ó bà mí lẹ́rù ju owó lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró dè mí di Ọjọ́bọ̀, kí ó má sì tíì fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi òru méjì kàwé, mo sì lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fisíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí yìí, nítorí pé ìwé pélébé náà kò mọ sí ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo nínú ọjà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Térahertz wà. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń ṣiṣẹ́ lé e lórí tọ̀sán-tòru. Orí òtítọ́ yìí ni ọlọ́jà náà gbé irọ́ tirẹ̀ kà.

Iye tí ó wà nínú orúkọ náà

Hertz jẹ́ orúkọ ènìyàn. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Heinrich Hertz. A bí i ní ọdún 1857, ó sì kú ní ọdún 1894, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 36 péré. Láàrin ọdún 1886 sí 1888, ní ìlú Karlsruhe, ó fi hàn pé iná mànàmáná lè rán ìgbì kọjá nínú òfuurufú láìsí okùn kankan. Láti inú iṣẹ́ yìí ni rédíò ti wá, tí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù alágbèéká sì tẹ̀lé e. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi orúkọ rẹ̀ sọ òṣùwọ̀n kan.

Bí a ṣe ń fi kílò wọn ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi hertz ka iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí onílù bá lu ìlù, awọ ìlù a máa lọ síwá sẹ́yìn kíákíá. Bí ó bá lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 100 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, a ó sọ pé ó ń gbọ̀n ní 100 hertz.

Téra ní tirẹ̀ jẹ́ iye. Ẹni tí ó bá ń ra íntánẹ́ẹ̀tì sórí fóònù ti mọ àwọn arákùnrin rẹ̀: ó ń ra méga, ó ń ra giga. Kílò jẹ́ 1 000. Méga jẹ́ 1 000 000. Giga jẹ́ 1 000 000 000. Téra jẹ́ 1 000 000 000 000, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní mille milliards. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí abàmì ẹ̀dá. Orúkọ náà sì bá a mu.

Térahertz kan, nígbà náà, jẹ́ ohun tí ó ń gbọ̀n ní ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù ìgbà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí awọ ìlù tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ìgbì tí Hertz rí ni ó lè ṣe é, ìgbì tí ó jẹ́ ìbátan ìmọ́lẹ̀.

Ibi tí rédíò parí tí ìmọ́lẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti dúró ní etíkun Lomé mọ̀ pé ìgbì òkun kò dọ́gba. Òmíràn ga, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti òkèèrè. Òmíràn kéré, ó ń tẹ̀lé ẹnìkejì rẹ̀ láìsinmi. Omi kan náà ni gbogbo wọn. Bákan náà ni ìgbì rédíò, ìgbì fóònù, ooru tí ó ń jáde lára èédú, ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran, àti ìtànṣán X tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn: ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iye ìgbà tí wọ́n ń gbọ̀n.

Rédíò FM tí ẹ ń gbọ́ ń gbọ̀n ní nǹkan bí 100 mégahertz. Fóònù ń lo èyí tí ó jẹ́ 1 gigahertz tàbí méjì, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí wà lókè réré: pupa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 400 térahertz, àwọ̀ àlùkò sì kọjá 700. Láàrin fóònù àti ìmọ́lẹ̀, àyè gbalasa kan wà. Nínú àyè náà, láti nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá térahertz títí dé 10 térahertz, ni a ti ń rí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìtànṣán térahertz. Ìgbì kan nínú wọn, ní 1 térahertz, gùn tó sísanra ewé ìwé mẹ́ta tí a tò lé ara wọn.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ ń pe àyè yìí ní àlàfo. Kì í ṣe pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ṣe ń lò ó. Àwọn tí ń ṣe rédíò ń fi iná mànàmáná ṣe ìgbì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń gun òkè sí térahertz, iná mànàmáná kò lè sáré tó mọ́. Àwọn tí ń ṣe àtùpà náà, bí wọ́n bá ti ń sọ̀kalẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ìmọ́lẹ̀, ọgbọ́n àtùpà tán lọ́wọ́ wọn. Ó dà bí ilẹ̀ tí ó wà láàrin ìlú méjì tí ẹnikẹ́ni kò ro.

Àwọn tí wọ́n wá ro ó ni àwọn tí iṣẹ́ wọn ń so ìmọ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ iná mànàmáná. Optoélectronique ni orúkọ iṣẹ́ yìí ní èdè Faransé. Orúkọ náà le, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ilé iṣẹ́ iná oòrùn tí wọ́n ṣí ní Blitta ní ọdún 2021 ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná. Àtùpà kékeré tí ẹ ń tàn lálẹ́ nídìí ọjà ń sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2022, okùn kan gúnlẹ̀ láti inú òkun sí Lomé yìí, ibi àkọ́kọ́ tí ó ti kan ilẹ̀ Áfíríkà. Equiano ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Google ni ó nà án láti ilẹ̀ Pọtogí lọ sí Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì fi orúkọ Olaudah Equiano pè é, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré tí ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1789. Kì í ṣe bàbà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú okùn náà. Gíláàsì ni, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ọ̀rọ̀ àti àwòrán wa ń di ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń padà di iná mànàmáná bí wọ́n bá jáde.

Ọ̀rẹ́ mi olùkọ́ fisíìsì rẹ́rìn-ín nígbà tí ó sọ èyí fún mi: ìmọ́lẹ̀ tí ó ń sáré nínú irú okùn bẹ́ẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí 193 térahertz. Bí iye térahertz bá jẹ́ oògùn, gbogbo ará etíkun Lomé ì bá ti gba ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú àlàfo náà. Ní ọdún 1975, ní yàrá ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, David Auston fi ìmọ́lẹ̀ laser kan na ègé ohun tí wọ́n ń pè ní silicium. Nínú òkùnkùn, ègé yìí kì í jẹ́ kí iná kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, iná a kọjá lójú ẹsẹ̀. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ náà kúrú jọjọ, iná tí ó kọjá náà kúrú jọjọ, ó yára ju ohunkóhun tí ọwọ́ ènìyàn lè tàn kí ó sì pa. Láti inú ọgbọ́n yìí ni àwọn mìíràn ti rí ọ̀nà láti rán ìtànṣán térahertz jáde àti láti gbà á padà. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ní Pisa ní Ítálì, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cambridge, ṣe laser kékeré àkọ́kọ́ tí ó ń tan ìtànṣán yìí láti inú ègé bí irú èyí tí ó wà nínú fóònù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti mú un tutù kọjá ìdíwọ̀n 200 lábẹ́ òdo kí ó tó ṣiṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè gbé kiri nínú ọjà Assiyéyé.

Ohun tí ó lè kọjá àti ohun tí kò lè kọjá

Ìtànṣán térahertz máa ń kọjá nínú aṣọ, nínú ìwé, nínú ike àti nínú igi gbígbẹ. Kò lè kọjá nínú irin. Kò sì lè kọjá nínú omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ omi yìí sọ́kàn.

Nítorí pé ó ń kọjá nínú ohun gbígbẹ láìbà á jẹ́, àwọn onímọ̀ ń fi í wo ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà àwòrán àtijọ́. Àwọn tí ń ṣe oògùn ń fi í wọn sísanra ohun tí wọ́n fi bo ara hóró oògùn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó dọ́gba. Mo dúró pẹ́ lórí èyí nígbà tí mo kà á. Ọlọ́jà náà ní nítorí térahertz, kí ìyá yìí ju hóró oògùn nù. Térahertz gidi, ara hóró oògùn ni wọ́n ń fi ṣọ́.

Nítorí pé omi ń gbé e mì, a kò lè rí ìràwọ̀ dáadáa pẹ̀lú rẹ̀ láti orí ilẹ̀, nítorí pé omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2009, àwọn ará Yúróòpù gbé awò ìràwọ̀ ńlá kan tí ń jẹ́ Herschel kúrò ní Kourou, ní Guyane, lọ sí òkè òfuurufú, kí ó lè wo irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ láti ibi tí kò sí omi. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di oṣù kẹrin ọdún 2013, nígbà tí ohun tí ó ń mú un tutù tán.

Ara ènìyàn ńkọ́? Omi ni ó pọ̀ jù nínú ara wa. Bí ìtànṣán térahertz bá bá wa, kò ní wọlé ju ìdá kékeré nínú mìlímítà kan lọ. Awọ ara ni yóò dá a dúró. Kò ní dé orúnkún, kò ní dé ọkàn, kò sì ní dé inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà kan ń wádìí bóyá a lè fi í rí ààlà jẹjẹrẹ tí ó bá mú awọ ara, nítorí pé awọ nìkan ni ó lè dé. Wíwo ni iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ìwòsàn.

Ohun kan tún kù tí ọlọ́jà kì í sọ. Gbogbo ohun tí ó bá ní ooru lára ni ó ń tan díẹ̀ nínú ìtànṣán yìí fúnra rẹ̀: ìkòkò ẹ̀bà, òkúta tí oòrùn pa, ògiri, ewúrẹ́, àti ìyá tí ó ń ta gàrí. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀rọ òun ń tú térahertz jáde kò purọ́ rárá. Ṣíbí tí ẹ fi ro ọbẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ooru lè mú kí orúnkún dùn ún mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná ń ṣe é, owó rẹ̀ kò sì ju owó èédú lọ.

Òkúta tí awọ rẹ̀ ń gbé iná

Ní ẹ̀yìn ìwé pélébé náà, wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ kan: matériau quantique. Ọ̀rọ̀ yìí náà ní ibi tí ó ti wá, mo sì rò pé òun ni ó dùn jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

A mọ̀ pé àwọn nǹkan kan ń gbé iná mànàmáná: bàbà, irin, wúrà. Àwọn mìíràn kì í gbé e: rọ́bà, gíláàsì, igi gbígbẹ. Okùn iná ilé wa lo méjèèjì. Bàbà wà nínú, rọ́bà wà níta, kí iná má bàa pa wá. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ rò pé gbogbo nǹkan wà ní ẹgbẹ́ kan tàbí èkejì, tàbí kí ó wà ní agbedeméjì bí silicium.

Ní ọdún 2005, Charles Kane àti Eugene Mele, olùkọ́ méjì ní yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, fi ìṣirò sọ pé irú kẹta lè wà: ohun tí inú rẹ̀ kì í gbé iná, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ń gbé e. Ọdún kejì, Shoucheng Zhang àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Stanford sọ irú ohun tí a lè fi ṣe é. Ní ọdún 2007, Laurens Molenkamp àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì ṣe é, wọ́n sì rí i. Lẹ́yìn náà, Zahid Hasan, ọmọ ilẹ̀ Bangladesh tí ó ń kọ́ni ní Princeton, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, rí i nínú òkúta tí a fi bismuth àti sélénium ṣe. Òkúta tí ó jọ ọ́, ti bismuth àti tellure, ti wà nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré amúnǹkan-tutù láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò mọ ohun tí awọ rẹ̀ lè ṣe.

Ẹ má ṣe rò pé bí igi tí a fi wúrà bò ni. Bí a bá ha wúrà kúrò lára igi, igi ni yóò kù. Bí a bá la òkúta yìí sí méjì, ojú tuntun méjèèjì tí ó yọ yóò máa gbé iná, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ kò ní gbé e. Awọ náà kò ṣeé bó. Ní tòótọ́, inú àwọn òkúta tí wọ́n ń ṣe kì í mọ́ tó bí ìṣirò ṣe fẹ́, iná díẹ̀ a sì máa jò gba inú wọn kọjá. Èyí ni ó ń fún àwọn olùwádìí ní wàhálà jù títí di òní.

Ìdí tí awọ náà kò fi ṣeé bó wà nínú ìmọ̀ kan tí a ń pè ní topologie. Ẹ mú amọ̀ tútù, ẹ fi mọ ìlẹ̀kẹ̀ kan tí ó ní ihò. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè fà á gùn, ẹ lè sọ ọ́ di òrùka tàbí di ife tí ó ní etí. Ihò kan náà ni yóò ní, àfi bí ẹ bá dí i tàbí tí ẹ bá já a. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ní ààbọ̀ ihò. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2016, nígbà tí wọ́n ń kéde ẹ̀bùn Nobel fún David Thouless, Duncan Haldane àti Michael Kosterlitz tí wọ́n mú ìmọ̀ yìí wọ inú fisíìsì, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń fúnni lẹ́bùn náà kó búrẹ́dì mẹ́ta jáde níwájú àwọn oníròyìn. Ọ̀kan kò ní ihò, ọ̀kan ní ihò kan, ọ̀kan ní méjì. Ó ní oúnjẹ ọ̀sán òun ni. Bí àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n bá lè fi búrẹ́dì kọ́ ayé, ó yẹ kí àwa náà lè fi amọ̀ kọ́ ara wa.

Nínú òkúta yìí, ohun tí a lè fi wé ihò wà nínú bí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣe tò. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni àwọn ẹ̀dá kékeré tí ń gbé iná. Àbùkù kékeré, ìdọ̀tí díẹ̀, ojú tí kò dán, kò lè yí iye ihò náà padà. Nítorí náà, iná tí ó ń gba ojú òkúta náà kọjá kì í tètè dá dúró.

Báwo ni èyí ṣe kan térahertz? Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà lójú òkúta náà ń sáré bí ẹni pé wọn kò ní ìwúwo, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀. Bí ìtànṣán térahertz bá kàn wọ́n, wọ́n lè bá a jó. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Ítálì, Faransé, Rọ́ṣíà, Azerbaijan àti Sípéènì jọ fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń mọ̀ bí ìtànṣán térahertz bá dé, láìjẹ́ pé wọ́n mú un tutù. Miriam Vitiello, obìnrin onímọ̀ kan ní Pisa, ni ó ṣáájú wọn. Ní ọdún 2022, àwọn mìíràn ní Sípéènì, Jámánì àti àwọn ibòmíràn rán ìtànṣán térahertz sí irú òkúta yìí. Èyí tí ó padà jáde ń gbọ̀n ní ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n ń retí pé lọ́jọ́ kan, a ó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe fóònù tí ó yára ju ti ìsinsìnyí lọ. Yàrá ìwádìí ni gbogbo rẹ̀ ṣì wà.

Ẹnìkan nínú kíláàsì bi mí bóyá àwọn ènìyàn wa wà nínú irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n wà. Ní Gánà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Francis Allotey, tí ó kú ní ọdún 2017, di ẹni tí ayé mọ̀ nítorí ìṣirò rẹ̀ lórí bí ìtànṣán X ṣe ń bá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pàdé nínú àwọn nǹkan líle. Ní Dangbo, nítòsí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti fisíìsì kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ilé ìwádìí ti Trieste ní Ítálì, èyí tí Abdus Salam, ọmọ ilẹ̀ Pakistan, dá sílẹ̀ ní ọdún 1964 fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí kò lówó, ni ó ràn án lọ́wọ́. Ìṣirò ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń ṣe lẹ́bàá wa níbí. Kì í ṣe nítorí pé ọwọ́ wa kò lè ṣe ẹ̀rọ. Pátákó àti ẹfun kò wọ́n. Laser àti ohun tí ń múni tutù dé 200 lábẹ́ òdo wọ́n, wọ́n sì ń fẹ́ iná tí kì í lọ. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí: ọ̀rọ̀ náà dé ọjà wa lẹ́nu ẹlẹ́tàn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa láti ẹnu àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀

Ní Ọjọ́bọ̀, a tún ka ìwé pélébé náà papọ̀, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n wá orúkọ ilé ìwòsàn kan tí ó ti dán ẹ̀rọ náà wò. Wọn kò rí i. Mo ní kí wọ́n wá iye aláìsàn tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kí wọ́n tó lò ó àti lẹ́yìn tí wọ́n lò ó. Wọn kò rí i. Nọ́ńbà fóònù ni ó wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwòrán obìnrin kan tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin télọ̀ kan tí ó máa ń jókòó lẹ́yìn ni ó ṣàkíyèsí pé ìwé náà sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń wò, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí ó ti sọ ohun tí kò lè wò. Èmi fúnra mi kò rí ìyẹn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkùnrin náà dé. Ìyá náà ròyìn rẹ̀ fún wa. Ó ní òun kí i dáadáa, òun fún un ní àga, òun sì bi í pé: "Ọmọ mi, ìtànṣán yìí, báwo ni ó ṣe ń gba inú omi ara kọjá?" Ọkùnrin náà ní kí ìyá má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ni. Ó ní: "Àwọn onímọ̀ náà ni mo ń bi ọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì kọjá sí ìsọ̀ kejì. Méjì nínú àwọn alájọtà rẹ̀ ti sanwó tẹ́lẹ̀. A kò rí owó wọn gbà padà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọ́n sì yí àkókò tí ó ń lo oògùn rẹ̀ padà kí ó lè rọrùn fún un. Ó mú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wá sí kíláàsì fún wa láti kà. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìwé àjákọ tirẹ̀, ó kọ térahertz sí i ní ìgbà mẹ́ta, láìṣi lẹ́tà kankan, ó sì bi mí ìdí tí h fi wà láàrin rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í pè é.